Sáàmù Tí Màmá Máa Ń Fò

Lọ́dún tí wọ́n ti yunifásítì wa pa nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́, ọ̀dọ̀ Màmá Damaris, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni mo lọ ń gbé, ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Ọlá. Opó ni Màmá. Ìbíyẹmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Abijan. Ohun tó kù fún un lábúlé náà ni oko obì tí òun àti olóògbé jọ ṣán igbó rẹ̀, oko náà sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jeremiah, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ni oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n gbìn sí ààlà oko méjèèjì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Jeremiah hú pẹ̀rẹ̀gún náà, ó sì lọ tún un gbìn sétí odò, nínú oko Màmá. Gbogbo igi obì tó ń so dáadáa wá bọ́ sọ́dọ̀ tirẹ̀. Màmá rí i, kò sì bá a jà.

"Ẹ lọ fẹjọ́ sun Baálẹ̀," ni mo sọ fún un.

Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. "Olúwa ló jọba."

"Lóòótọ́ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Olúwa ló hú pẹ̀rẹ̀gún."

"Jídé, ẹnu rẹ ti gùn jù. Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní Ifẹ̀ nìyẹn? Mú abọ́ yẹn wá."

Láràárọ̀, èmi ni mo ń ka Bíbélì fún un, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Àwọn Sáàmù tó sọ pé Ọlọ́run ni ọba ló fẹ́ràn jù. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 93, níbi tí Ọlọ́run ti gúnwà, tí omi ń ru, tó ń hó, tí ìtẹ́ rẹ̀ kò sì mì. Bí mo bá ti fẹ́ bọ́ sí 94, yóò na ọwọ́ sí mi.

"Fò ó."

Mo mọ ìdí rẹ̀. Orí yẹn bẹ Ọlọ́run pé kó gbẹ̀san, àwọn kan sì ti ń kà á sínú omi láti fi ṣẹ́ èpè fún ẹni tí wọ́n ń bá jà. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn àgbà ìjọ wọn ní kí ẹnikẹ́ni má kà á mọ́. Màmá wá fa òfin náà gùn ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fẹjọ́ ẹnìkejì sùn, ìbáà jẹ́ Ọlọ́run ló fi sùn, ìbáà jẹ́ ènìyàn, ó ti ṣẹ́ èpè nìyẹn.

Èmi ní tèmi, ohunkóhun tó bá ta kókó, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí n óò fi tú u. Mo máa ń dá ka orí náà lẹ́yìnkùlé. Ẹnìkan ń sunkún níbẹ̀ pé àwọn ìkà ń pa opó àti àlejò, wọ́n sì ń sọ pé Ọlọ́run kò rí àwọn. Ní 93, ọba ti gúnwà. Láti 95 títí dé 99, ìyìn àti ayọ̀ ló pọ̀ jù. Kí wá ni ẹlẹ́jọ́ yìí ń wá láàárín wọn? Ẹni tó tò wọ́n báyẹn kì í ṣe òpè. Mo rò ó títí, mi ò rí i tú.

Ọjọ́ kan ni Ràmọ́nù wọlé wá bá wa. Ó ti ṣe òwò ní Abijan fún ìgbà pípẹ́ kó tó padà wálé, oko rẹ̀ sì bá oko Màmá àti ti Jeremiah pààlà.

"Ìyá Ìbíyẹmí," ó ní, "wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ká obì. Bí obì tọdún yìí bá ti wọ inú àgbọ̀n Jeremiah, gbogbo ayé ó ní ẹ ti fi oko sílẹ̀ fún un nìyẹn. Mo mọ ibi tí pẹ̀rẹ̀gún yẹn wà tẹ́lẹ̀. Lọ́la ni Baálẹ̀ ń jókòó. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Màmá ronú títí. "Màá lọ kí Baálẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn."

Ràmọ́nù wò mí. Èmi náà wò ó.

Àṣà méjì wà ní ilé Baálẹ̀ wa. Bó bá ti jókòó, ẹni tó ní ẹjọ́ ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, àwọn tó wá dúpẹ́ a sì dúró síta títí ẹjọ́ yóò fi tán. Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kan títí ẹni tó ni ín yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, àwọn obìnrin kan ti kó orin wá láti fi dúpẹ́ kànga tuntun. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Jeremiah wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ilé wọn.

Màmá kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ ó pẹ́ fún wa."

"Àṣẹ. Ìyá Ìbíyẹmí, ọ̀rọ̀ wo lo gbé wá?"

"A dúpẹ́ ni."

"Ọpẹ́ ń bọ̀ níwájú. Mo ní ọ̀rọ̀ wo lo gbé wá?"

"A dúpẹ́ ni, Baálẹ̀."

Ràmọ́nù dìde. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, oko—"

"Ṣé ìwọ lo ni oko náà?"

"Èmi kọ́."

"Jókòó, Ràmọ́nù." Baálẹ̀ dúró díẹ̀, ó ń wo Màmá. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ó dáa. Bí kò bá sí ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn olórin wọlé."

Ibẹ̀ ni kókó náà tú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ ti Màmá, mo sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Màmá, ibi tí ẹ máa ń ní kí n fò la wà yìí. Ọba ti gúnwà. Olórin wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́jọ́ ló wà láàárín. Kò ṣẹ́ èpè fún ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé ọba ni ọba lóòótọ́, ló ṣe gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá."

Àwọn obìnrin ti ń gbé ẹsẹ̀ wọlé. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Baálẹ̀, mi ò gégùn-ún o. Ọkọ mi ni, mi ò lè dárúkọ rẹ̀. Adúmáadán ló hú pẹ̀rẹ̀gún ààlà, ó gbé e lọ sétí odò. Obì tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ti di tirẹ̀. Ó sì dùn mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì, torí Jeremiah tó ń pè bẹ́ẹ̀ pupa bí epo. Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ràmọ́nù sọ ohun tó mọ̀, Ràmọ́nù sì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Jeremiah.

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀," ni Jeremiah wí. "Ìbíyẹmí ti lọ sí Abijan, mo ní ta ló kù tí yóò jogún rẹ̀? Mo kọ́kọ́ hú díẹ̀, mo ń retí kí ìyàwó wa bá mi jà. Ó ní ẹ kú iṣẹ́. Mo hú ìyókù, ó tún ní ẹ kú iṣẹ́. Mo rò pé ó ti yọ̀ǹda rẹ̀ ni."

"O rò bẹ́ẹ̀, àbí ó wù ọ́ kó rí bẹ́ẹ̀?"

Jeremiah wo ilẹ̀. "Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ ni."

"Lónìí yìí, wàá dá pẹ̀rẹ̀gún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Obì náà, ti Ìyá Ìbíyẹmí ni, ti Ìbíyẹmí sì ni lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ Abijan ló wà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo wa wà lóko. Ràmọ́nù kò tilẹ̀ ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Jeremiah kò hú gbogbo gbòǹgbò tán, àwọn ọ̀mùnú pẹ̀rẹ̀gún sì ti ń yọ lórí ààlà àtijọ́. Jeremiah ló gbẹ́ ilẹ̀, Màmá ló ń na pẹ̀rẹ̀gún sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Adúmáadán," ó ní.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi mọ́," ni Jeremiah wí, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Ràmọ́nù fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ èyí tó kẹ́yìn. "Sẹ́ fíní," ó ní lédè àwọn ará Abijan. Ó ti parí.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣí Bíbélì, mo ka 93 tán, mo sì dúró.

"Kí ló dé?" ni Màmá bi mí. "Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Máa kà á lọ."

Mo ka 94 fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo dé ibi tó dárúkọ opó, ó mi orí díẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ó dáa," ó ní. "Jẹ́ kí àwọn olórin wọlé."