Ọgbà Ọsàn Bàbá Nabeelah

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, transifọ́mà àdúgbò bú gbàù ní Baṣọ̀run. Kí Àlàájà Àbẹ̀ḿbí tó sáré dé pálọ̀ láti ilé ìdáná, ìyàwó ọmọ rẹ̀, Nabeelah, ti wà lábẹ́ tábìlì, ó fi ara bo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

"Jáde wá, ọmọ mi. Transifọ́mà lásán ni."

Nabeelah jáde, ó di àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Gásà, nílẹ̀ Palẹ́sítínì, ni wọ́n ti bí i. Káírò ni òun àti Mùstàfá, ọkọ rẹ̀, ti pàdé nílé ìwé, kí ó tó bá a wá sí Ìbàdàn. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì sọ̀rọ̀ ogun fún ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ ọ́.

"Màmá, bàbá mi ní ọgbà ọsàn. Tí igi bá ti tanná, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé kan, títí dórí ìrọ̀rí wa. Tí ọsàn bá pọ́n, bàbá á bó àkọ́ká, á pín in fún wa lábẹ́ igi. Tí bọ́ǹbù bá ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, ìyá àgbà á ní àwọn màlékà ló ń ti ilẹ̀kùn. A sì gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ogun dé ọ̀dọ̀ wa. A sá lọ sí ilé ìwé kan, àwa àti ẹbí mìíràn kún inú kíláàsì kan. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà kú sí. Nígbà tí a padà, katakata àwọn ológun ti fa gbogbo igi náà tu. Bàbá mi jókòó sórí yẹ̀pẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

Àlàájà fà á mọ́ra. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Ogun tuntun yìí ti lé wọn lọ sí Káírò. Yàrá kan ni wọ́n wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbin nǹkan sí."

"Pè wọ́n fún mi."

Ojú bàbá yọ lórí fóònù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Àlàájà kí i ní sàlámà, ó sì dáhùn. Ibẹ̀ ni èdè tí wọ́n jọ gbọ́ pin sí. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wá sọ nǹkan kan, Nabeelah sì túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní ṣé òjò ti rọ̀ ní Ìbàdàn?"

"Ó ti rọ̀ dáadáa! Sọ fún wọn pé àgbàdo mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù mí lọ."

Àlàájà gba fóònù, ó jáde lọ fi àgbàdo náà hàn án. Nabeelah gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń pariwo lédè Lárúbáwá pé wọ́n gbìn ín súnmọ́ra jù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì sáré tẹ̀ lé ìyá ọkọ rẹ̀ láti lọ túmọ̀ rẹ̀.