Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pọlọ Méjì

Bí Marlys Tveit bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀, kì í pariwo. Àbúrò rẹ̀ Ardis ló máa ń pè lórí fóònù, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú Cloquet á ti gbọ́, Verlyn tó jẹ́ ọkọ Ardis ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí, ohun tó rọ sí Ardis létí ni pé kọ̀ǹpútà gìrìwò kan wà ní gáréèjì Kou Lor, ọmọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù ní Duluth, tí iléeṣẹ́ kan ti lò tì. Ọpọlọ méjì ló wà nínú rẹ̀, ọpọlọ kọ̀ọ̀kan sì lè dá iṣẹ́ bíi mẹ́rìnlá mú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Òun ni mo fẹ́ fi díje lọ́dún yìí," ni Marlys wí. "Sátidé ni mo máa lọ gbé e. Bí Verlyn bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, mo gbé."

"Ṣé èmi ni mo máa wá sọ fún un?" ni Ardis dá a lóhùn, bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn.

Marlys gbé fóònù sílẹ̀, ó bu kọfí, ó rẹ́rìn-ín sínú ife.

Ìdíje wo ni? Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ló ń wá oògùn sí àrùn tó ń jẹ èèyàn lọ́pọlọ títí bàbá ò fi ní mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìṣirò inú iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà tiwọn lè dá ṣe lọ. Àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà, ni wọ́n bá gé ìṣirò náà wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tó bá yọ̀ǹda tiẹ̀ nílé. Tìrẹ á gba ẹyọ kan, á ṣe é, á dá a padà, wọ́n á fún ọ ní máàkì. Máàkì náà ò ṣeé fi ra búrẹ́dì, síbẹ̀ àwọn àgbààgbà ń torí ẹ̀ yan ara wọn lódì.

Ní Cloquet, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí máa ń pàdé nísàlẹ̀ ilé ìkàwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí yìnyín bá ti bolẹ̀ dáadáa, wọ́n á díje. Kálukú á to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, àlòkù ni o, tuntun ni o, kó ṣáà má ti ju ọ̀ọ́dúnrún dọ́là lọ, á sì fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa sọ ẹgbẹ́ lórúkọ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni Verlyn ti gbà á, orúkọ tó sì fún ẹgbẹ́ ni "Verlyn Àtàwọn Yòókù."

Orúkọ yìí ń dun Marlys wọra. Àrùn tí wọ́n ń wá oògùn rẹ̀ yìí ló pa Orrin ọkọ rẹ̀, torí Orrin ló ṣe fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣí ojú ìwé ẹgbẹ́ han ẹ̀gbọ́n Orrin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyá àgbà náà wò ó, wò ó, ó ní, "Ta ni Verlyn? Ṣé àrùn yẹn pa òun náà ni?" Marlys dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀.

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé Verlyn kì í fi ọpọlọ tiẹ̀ wá nǹkan. Ohun tí Marlys bá fojú sí lára, òun á ti sáré lọ rà á kí Marlys tó dé. Lọ́dún tó kọjá, káàdì kọ̀ǹpútà tí Marlys fi oṣù méjì ṣọ́, Verlyn ló gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí Marlys lọ san owó rẹ̀. Verlyn tún ní àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́: ó fẹ́ràn kí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ẹni tó bá tètè dá tiẹ̀ padà ni máàkì rẹ̀ ń lé sí i, ẹni tó bá kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá, òfo ló máa gbà, wọ́n á ti gbé iṣẹ́ ọ̀hún fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí Marlys dé gáréèjì Kou lọ́jọ́ Sátidé, tírọ́ọ̀kì Verlyn ti wà níwájú ẹ̀. Verlyn fúnra rẹ̀ gbá kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ méjì mọ́ àyà bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí.

"Háà, Marlys! Ìwọ náà rèé? Ìwọ̀ ẹja ni mo wá rà ní Duluth, mo wá ní kí n yà kí Kou."

"Ìwọ̀ ẹja ò sí ní Cloquet mọ́?" Marlys di orí mú. "Verlyn, má ṣe èyí sí mi. Gbé e sílẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ rà."

"Kou, sọ fún un pé mo ti bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀!"

Kou mọ̀ dáadáa pé kò bá òun sọ nǹkan kan. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń fi kọ̀ǹpútà náà dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má bàa gbá a dé. Ó yíjú sí ògiri, ó ń wú ikọ́ tí kò ṣe é.

Bí Verlyn ṣe wa ọkọ̀ jáde, Kou yíjú padà. "Àǹtí Marlys, ṣé ẹ mọ̀ pé nǹkan yẹn máa ń ké bí ẹni pé ọkọ̀ òfuurufú fẹ́ gbéra?"

"Mo mọ̀."

"Tó sì ń fà bí ìgbín?"

"Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò wá sọ fún un?"

"Ṣé ó bi mí ni?" Marlys bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ó yá, káàdì tí ọ̀kan nínú fáànù ẹ̀ ti kú yẹn dà?"

Káàdì tó ń béèrè yẹn ni irú èyí tó máa ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ tó ń ṣe géèmù. Ó mọ irú ìṣirò yìí ṣe ju ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Torí fáànù tó kú, owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Marlys ná an títí Kou fi ní kó máa gbé e lọ. Ó mú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan tó ti gbó, tówó rẹ̀ ò sì pọ̀, ó mú mẹ́mọ́rì kékeré méjì. Àpótí tó ń pín iná nìkan ni kò ná rárá, èyí tó dára jù ló mú. Kò ra ilé tó máa kó wọn sí, àpótí oníke tí wọ́n fi ń kó mílíìkì ló fi ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, Verlyn pè é.

"Marlys, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ti ju ọgọ́rùn-ún lọ! Mo ní kó máa kó wọn wá ni. Mélòó ló wà lọ́wọ́ tìẹ?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan ṣoṣo gíro!" Verlyn rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Marlys wí. "Mu omi sí i."

Gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege títí di Ọjọ́rú, ni fáànù kejì ara káàdì náà bá dákẹ́. Marlys sáré dé ìdí rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn ike tó ń gbóná, ó yọ iná, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì rí i kedere pé odindi ọdún kan mìíràn lòun tún máa fi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn yòókù. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gbé àpótí mílíìkì lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi ìloro tí wọn kì í mú gbóná, ó ṣí fèrèsé díẹ̀, ó so fáànù orí tábìlì mọ́ ọn lára. Òtútù ibẹ̀ tó gé èèyàn létí. Kọ̀ǹpútà náà tún gbéra. Marlys wọ ẹ̀wù méjì, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Ibẹ̀ ni Ardis bá a, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Mi ò sùn láti Sátidé," ni Ardis wí. "Ariwo nǹkan tí Verlyn gbé wálé yẹn! Mo ní kó gbé e lọ sí gáréèjì. Ó gbé e lọ lóòótọ́, ló bá gbé tírọ́ọ̀kì síta kó lè ráyè fún un. Òtútù ti pa bátìrì tírọ́ọ̀kì báyìí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá." Ó wo àpótí mílíìkì. "Kí wá nìyí? Ṣebí o ní ọlọ́pọlọ méjì lo fẹ́?"

Marlys ń tún okùn fáànù so.

"Marlys! O ò fẹ́ ẹ rí!" Ardis la ẹnu sílẹ̀. "O fi mí ṣe rédíò!"

"Rédíò kẹ̀? Rédíò ṣeé pa."

"Mo ń lọ sọ fún un. Kò tíì pẹ́ jù. Tó bá dín iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kù, ó ṣì lè bá ẹ."

Òótọ́ ni, Marlys sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n Orrin sọ níwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn ló kàn sọ fún un. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kò sì mọ̀ pé omijé máa bọ́ lójú òun bí òun bá dé ibi orúkọ náà.

Ardis jókòó tì í. "Orrin ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà," ló wí. "Mo gba inú ọgbà ìyá ẹ̀ kọjá, kò bú mi."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o," ni Marlys wí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi tọkàntọkàn sọ ọ́.

Ohun tó pa ẹnu Ardis mọ́ títí di Sátidé, ẹ má bi mí. Wọ́n ní ó rí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan ní ilé ìtajà tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ láàárín àwọn agolo ẹ̀wà.

Nígbà tí máàkì hàn lára ògiri ilé ìkàwé, Marlys ló wà lókè téńté. Orúkọ Verlyn ò sí nípò kejì, kò sí nípò kẹta. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, lábẹ́ obìnrin kan tó gbàgbé kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ní pípa fún ọjọ́ méjì.

"Àṣìṣe wà níbẹ̀!" Verlyn fò dìde. "Iṣẹ́ mi ṣì ń bọ̀! Gbogbo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí!"

"Wọ́n ti gbé wọn fún ẹlòmíràn láti àná," ni Marlys wí. "Ojúkòkòrò baba ọ̀kánjúwà. O kó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún jọ, èmi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Àmọ́ ìwọ lo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà yẹn! O bẹ̀ mí! O fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún!" Ó dúró lójijì. Ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ardis, o mọ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé mi ò lè pa ẹnu mọ́," ni Ardis wí, ó bu kéèkì jẹ.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n sún kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ síwájú Marlys kó tẹ orúkọ tuntun. Gbogbo wọn rò pé orúkọ Orrin ló máa kọ, òun náà ti rò bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá. Àmọ́ bó ṣe gbé ọwọ́ lé e, Orrin tó mọ̀ kó tó ṣàìsàn ló wá sí i lọ́kàn, ẹni tó máa ń gbé ṣíbí kúrò nínú ife àlejò kó lè máa fi bí àlejò náà ṣe ń wá a rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé àwàdà ló máa dùn mọ́ ọn jù, kò tẹ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló pa rẹ́ nínú orúkọ àtijọ́, ó tún ìyókù ṣe, ó sì sún sẹ́yìn.

Lára ògiri, gbogbo wọn kà á: "Àwọn Yòókù."

Verlyn wò ó títí. "Èmi wá dà níbẹ̀?"

"O wà níbẹ̀," ni Marlys wí, ó fa àga kan jáde fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. "Jókòó tì wá."