Dórù ní Pápá Ìkirè

Orí fóònù ni Dórù ti rí i, nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Àpòmù, pé wọ́n ń wó pápá ìṣeré tó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀ ní Romania. Katakata kan gbé imú sókè, ó sì ya lu ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí láti wò ó. Eruku bo gbogbo rẹ̀. Dórù gbé fóònù kalẹ̀, ó ń wo ògiri.

Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ mọ ohun tó ń dùn ún. Ìgbà tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ló pàdé rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ayò tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ nínú yìnyín. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, àwọn èèyàn ní ó ti parí. Ṣùgbọ́n ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gbé ẹgbẹ́ kékeré kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè téńté. Ọdún kejì, wọ́n fìdí rẹmi léraléra, wọ́n sì yọ ọ́ níṣẹ́ bí ẹni yọ jìgá. Olúkẹ́mi ló ní kí àwọn máa bọ̀ nílé. Dórù ò káwọ́ gbera ní Àpòmù. Àwọn géńdé Ìkirè tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìkórè kòkó ló kó jọ, ó sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ń sá fún.

"Bàbá Ìfẹ́, ẹ dìde," ni Olúkẹ́mi wí. "Àwọn Hakeem fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìkirè."

"Kí ni kí n lọ ṣe? Mo ti darúgbó."

"Àwọn náà ti darúgbó."

Wọ́n wọ Màrúwà lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un lórí koríko. Hakeem tó máa ń dúró lẹ́yìn ti di oníṣòwò sìmẹ́ǹtì, ikùn rẹ̀ ló ń ṣíwájú rẹ̀ báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni wọ́n fẹ́ bá figagbága.

Kò pẹ́ tí gbogbo àgbààgbà náà fi rọ́ síwájú, tí ẹ̀yìn wọn ṣófo. Àwọn ọ̀dọ́ já bọ́ọ̀lù gbà. Dórù fò sókè lórí bẹ́ńṣì.

"Ínapóì!"

Kò mọ ìgbà tí èdè rẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn ló ń wí. Àwọn ọ̀dọ́ ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu rẹ̀ látijọ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sáré, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Hakeem ló gbá bọ́ọ̀lù náà jù síta.

"Kóòṣì!" ó kígbe, "ẹ ò ní jẹ́ ká sinmi láéláé!"

Dórù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tán, omijé ò tán. Olúkẹ́mi sún mọ́ ọn.

Wọ́n fìdí rẹmi náà ṣá. Dórù pè wọ́n jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi pe ìrun Màgáríbì, tí Hakeem sì tọrọ àyè kó lọ ṣàlùwàlá.