Ìwé Tí Rùkáyyàh Fi Wé Ẹ̀pà

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Lánlátẹ̀, yóò sọ fún yín pé kò sí ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́ kúnná tó Ìsmáílà. Ìgbà tí ojú ẹ̀ ṣì wà nìyẹn o. Ojú yẹn ò fọ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí àtùpà tí epo ń gbẹ nínú ẹ̀. Wọ́n gbé e dé Ìbàdàn, dókítà ní wọ́n ti pẹ́ jù kí wọ́n tó dé. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí ilẹ̀ ti ṣú fún un pátápátá.

Ojú tó fọ́ yẹn, ó gbà á fún Ọlọ́run. Ohun tí kò gbà ni àgádágodo.

Rùkáyyàh ìyàwó ẹ̀ ló rà á. Ẹ̀pà yíyan lobìnrin yẹn ń tà. Tó bá ti di aago méje àárọ̀, á gbé oúnjẹ ọkọ ẹ̀ sórí tábìlì, á gbé omi tì í, á gbé póò sí kọ̀rọ̀, á ní, "Bàbá Aliyyah, ó dìgbà tí mo bá dé o." Lẹ́yìn ìyẹn, gbàgà! láti ìta. Ìsmáílà á wá jókòó bí adìyẹ abẹ́ agbọ̀n. Aliyyah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Ìgàngán. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé.

Tẹ́ ẹ bá jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo fún ọdún méjì, ẹ ó mọ̀ ọ́n ju bí ẹ ṣe mọ ara yín lọ. Ìsmáílà mọ̀ pé ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti ibùsùn dé ilẹ̀kùn, méje dé fèrèsé. Ó mọ ìgbà tí oòrùn ń kan irin fèrèsé, torí irin náà á gbóná. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun, mọ́ṣáláṣí ò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè ju òkúta dé, kò sì lè lọ. Á dá kírun lórí ẹní, á ṣe é tán, á tún jókòó.

Ó ti bẹ Rùkáyyàh. Ó ti bínú. Ó tiẹ̀ ti yan oúnjẹ lódì lẹ́ẹ̀kan, ebi ló pa á. Ohun kan náà lobìnrin yẹn máa ń wí: "Ṣé ẹ ti gbàgbé kòtò ni?" Ọ̀rọ̀ á bùṣe. Torí lóòótọ́, ọjọ́ tó dá jáde gbẹ̀yìn pé òun ń lọ kírun, inú kòtò tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí ni wọ́n ti fà á yọ.

Bó ṣe wà nìyẹn tí tíṣà kan fi dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan. Keturah Bámiṣẹ́ lórúkọ ẹ̀, ọmọ Èrúwà ni, àmọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Lánlátẹ̀ ló ti ń kọ́ni. Ó ní òun àtàwọn kan ń kó àwọn tí ojú wọn ti lọ jọ ní Èrúwà ní gbogbo Àlàrùbá, wọ́n fẹ́ kọ́ wọn ní bíréèlì, ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà.

Rùkáyyàh rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Tíṣà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ fẹ́ kọ́ ní A B D? Ọ̀kadà ló máa gbé e lọ? Tó bá já bọ́ sí títì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé òkú ẹ̀ wálé?"

Keturah ní rárá. Rùkáyyàh ní ṣé ẹ rí i. Ó tán.

Kò tán o! Lọ́jọ́ kejì tí ilé ìwé jáde, Ìsmáílà gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ìka kan irin fèrèsé.

"Bàbá Aliyyah, èmi ni. Ìyàwó yín ní ẹ ò gbọdọ̀ jáde. Kò ní n ò gbọdọ̀ dúró síta."

Ó ti nǹkan kan gba àárín irin wọlé. Pákó pẹlẹbẹ ni, ihò mẹ́fà ló wà lára ẹ̀, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, pẹ̀lú igi kéékèèké tí wọ́n ń kì bọ inú ihò. Kápẹ́ńtà kan ní Èrúwà ló fi àjákù pákó ṣe é. Keturah ní èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun wà, àmọ́ ta ló fẹ́ rà á ní Ìbàràpá níbí? Ìsmáílà fọwọ́ kàn án. Ihò òkè lápá òsì nìkan, A nìyẹn. Kó o ki igi bọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó di B. Nígbà tí tíṣà fi máa lọ, ó ti mọ mẹ́rin.

Bó ṣe di pé wọ́n ń ṣe kílásì lójú fèrèsé nìyẹn, tíṣà nínú oòrùn, akẹ́kọ̀ọ́ nínú àhámọ́. Tí ẹni tó ń kọjá bá bi Keturah pé kí ló ń ṣe, á ní òun ń kí Bàbá Aliyyah ni.

Ìka ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Ìka tó ti bá ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ jà fún ogún ọdún, awọ ẹ̀ ti le bí èèpo igi, kò mọ àmì bíńtín tó yọ lára bébà bíréèlì. Keturah ní kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́, kó fi òrí pa á. Ó di alaalẹ́, Ìsmáílà ń pa òrí.

"Bàbá Aliyyah, kí lẹ̀ ń fi ìka ṣe?" Rùkáyyàh bi í.

"Ó ń dùn mí ni."

Kò jẹ́ sọ òótọ́. Ó mọ̀ pé tó bá sọ ọ́, obìnrin yẹn á pe kápẹ́ńtà wá, á kan fèrèsé pa.

Ìgbà tó kan kíkọ lọ̀rọ̀ wá dùn. Síléètì tí Keturah gbé wá, àjákù páànù méjì ni wọ́n fi wáyà so pọ̀, wọ́n lu ihò sí ọ̀kan. Ẹ ó ki bébà sáàárín, ẹ ó máa fi ìṣó tí wọ́n fi igi gúáfà ṣe ọwọ́ ẹ̀ gún un. Ẹ̀yìn bébà lẹ̀ ń gún, ojú ẹ̀ ló ń yọ sí.

Keturah ní, "Èyí ló máa ń le fún gbogbo èèyàn, Bàbá. Láti ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa kọ ọ́ lọ sọ́wọ́ òsì. Ẹ fara balẹ̀, kò ní í..."

"Bíi wàláà?"

"Wàláà wo, Bàbá?"

"Wàláà ilé kéwú! Ṣebí ọwọ́ ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà nílé ìwé yín, àmọ́ mo fi ọdún mẹ́fà kọ wàláà. Ẹ gbé e wá jàre."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, kọ́kọ́kọ́, bí ẹyẹ àkókó. Keturah kígbe. Ó ní nínú gbogbo èèyàn tí òun ń kọ́, kò tíì sí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yá báyìí. Nígbà tí Ìsmáílà wá yí bébà padà láti kà á, ọwọ́ ọ̀tún náà ló tún ti bẹ̀rẹ̀, ló bá ń ka ọ̀rọ̀ tó dà bí èdè àwọn iwin. Tíṣà rẹ́rìn-ín débi pé ó di irin mú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń bá ara ẹ̀ jà kó tó mọ̀ pé a ń kọ ọ́ bíi kéwú, a ń kà á bíi ti òyìnbó.

Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni Keturah ń kó wá fún un, torí bébà ẹ̀ nípọn. Ìsmáílà kọ orúkọ Aliyyah. Ó kọ orúkọ gbogbo oníbàárà tó rántí. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lábẹ́ ẹní ló ń kó wọn sí, ó sì ń kà wọ́n tí ilẹ̀kùn bá ti dún gbàgà.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Keturah mú ọ̀rọ̀ wá. "Bàbá, Ọ̀gbẹ́ni Akínladé ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́túnla, màá mú un wá síbí. Òun ló ni kílásì yẹn, ojú tiẹ̀ náà ò ríran. Fúnra ẹ̀ ló máa fọwọ́ ka ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tí ò bá rí ìwé fi hàn án, ó dọdún tó ń bọ̀."

"Mo ní ogún ojú ìwé."

"Mo mọ̀. Ẹ kó wọn jọ."

Ìsmáílà ò sùn dáadáa, inú ẹ̀ dùn. Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀? Á ti kú sínú yàrá yìí. Ó kó ìwé ẹ̀ jọ lóru, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ lọ́jọ́ kejì, kí àmì ara ẹ̀ má bàa tẹ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Àtàláátà, Rùkáyyàh tọjà dé, ó ń kọrin.

"Bàbá Aliyyah, ẹ bá mi dúpẹ́! Bébà tán lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí, mi ò mọ ohun tí màá fi wé ẹ̀pà. Àfi bí mo ṣe ká ẹní yín pé kí n gbálẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń wẹ̀, ni mo bá bá kàlẹ́ńdà rẹpẹtẹ níbẹ̀! Ikán ti lù ú jálẹ̀jálẹ̀, àmọ́ ó lè gba ẹ̀pà. Mo tà á tán!"

Ìsmáílà ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹní, ilẹ̀ lásán ló bá.

"Ẹ ò wí nǹkan kan?"

"O ṣeun," ló wí. Kí ló tún fẹ́ wí? Tó bá pariwo, àṣírí tú, fèrèsé lọ. Ó gbé oúnjẹ ẹ̀ mì bí ẹni ń gbé òkúta mì.

Nígbà tí àgádágodo dún láàárọ̀ Àlàrùbá, ó tú yàrá, kò rí bébà kankan. Páálí nípọn jù, kò wọ síléètì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló rántí ara ògiri. Kàlẹ́ńdà fìdáù ìyá Rùkáyyàh ló wà níbẹ̀, tòun ti fọ́tò màmá gàgàrà. Kò sí àárọ̀ tí Rùkáyyàh kì í dúró síwájú ẹ̀ pé, "Ìyá mi, ẹ kú àárọ̀." Ìsmáílà na ọwọ́, ó ká a kò. Ó tún na ọwọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ foríjì mí." Ó já a bọ́ lára ìṣó. Bó ṣe ń tẹ ìṣó bọ ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, inú ń bí i, ohun tó sì wà nínú ẹ̀ ló ń kọ.

Ó ti kọ ọ́ tán nígbà tí wọ́n dé, Keturah àti Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, Mùíz ọlọ́kadà ló gbé wọn.

"Tíṣà, ilé dà?" Ọ̀gbẹ́ni Akínladé béèrè.

"Ojú fèrèsé la wà, sà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn."

"Ta ló tì í?"

Ìsmáílà yọ kàlẹ́ńdà gba àárín irin. Ọkùnrin yẹn lóṣòó, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó ń fi ìka lọ lórí ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wá ń kà á sókè:

"'Orúkọ mi ni Ìsmáílà. Ìyàwó mi ló ń tì mí mọ́lé láti àárọ̀ di alẹ́. Ewúrẹ́ wa ń jáde. Adìyẹ wa ń jáde. Èmi nìkan ni kì í jáde. Ẹlẹ́wọ̀n mọ ọjọ́ tó máa jáde, èmi ò mọ tèmi.'"

Keturah wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Àwọn méjèèjì tí kò ríran ò mọ̀ pé Rùkáyyàh ti dúró tì wọ́n, pẹ̀lú àtẹ lórí. Agolo tó fi ń wọn ẹ̀pà ló gbàgbé sílé.

"Ẹ máa kà á lọ," Rùkáyyàh wí. "Ṣebí èmi ni wọ́dà." Bí Ọ̀gbẹ́ni Akínladé ṣe gbé bébà sókè, ojú obìnrin yẹn kan òdìkejì ẹ̀. Àtẹ bọ́ lórí ẹ̀. "Yéè! Ìyá mi! Bàbá Aliyyah, ẹ fi ìṣó gún ìyá mi lójú!"

"Ìwọ náà ta ìwé mi!" Ìsmáílà pariwo láti inú ilé.

"Ìwé wo?"

"Èyí tó o ní ikán lù! Ogún ojú ìwé! Èmi ni ikán náà!"

Rùkáyyàh wo Keturah. Keturah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀pà tó fọ́n ká.

"Wọ́n sọ fún un pé àwọn ló fà á yọ nínú kòtò," ó wí, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo bẹ́ wọ inú ẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ mù mí dé ọrùn. Mo di orí ẹ̀ mú sókè títí wọ́n fi dé. Tí mo bá ń tà lọ́jà tí mi ò bá tì í, omi yẹn ni mò ń gbọ́."

Ìsmáílà ò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀gbẹ́ni Akínladé ló wá sọ̀rọ̀. "Ìyá, ọwọ́ ọkọ yín dára, mo ti mú un. Àmọ́ mi ò lè kọ́ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Tó bá pa Àlàrùbá méjì jẹ, màá fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀."

Rùkáyyàh dìde. Ó tú etí ìró ẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àgádágodo, ó gbé méjèèjì lé ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ máa fi ti inú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ jáde." Ó ká ìyá ẹ̀ sínú àpótí. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ ó rò pé ó ti parí. Àlàrùbá dé, Mùíz fọn fèrè ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà. Ìsmáílà ti wọ agbádá, ó di síléètì mú. Ó ka ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án dé ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni òórùn omi ẹ̀gẹ́ ti dé imú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ò rẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Mùíz fọn ọ́n títí, ó lọ.

"Mùíz ní òun pè yín, ẹ ò dáhùn," Rùkáyyàh wí nírọ̀lẹ́.

"Inú ló run mí."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ta ló wá tì yín mọ́lé lónìí, Bàbá Aliyyah?"

Ó wí i tán, ó bọ́ sí ìdí iná. Kò tún un wí mọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi pé, kò sì nílò kó tún un wí. Ìsmáílà ń gbọ́ ọ lórí ẹní, ó ń gbọ́ ọ lórí ìrun.

Ní Àlàrùbá kejì, fèrè dún. Ó ṣílẹ̀kùn. Òórùn yẹn dé. Òógùn bò ó, ó ń wí lábẹ́nu pé "Bísímílà, Bísímílà," ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mùíz fẹ́ bọ́ sílẹ̀ wá mú un, ó ní kó má wá. Ìgbà tó fọwọ́ kan ìjókòó ọ̀kadà, ó gùn ún, ó wa aṣọ Mùíz mọ́wọ́.

"Bàbá Aliyyah, ẹ ó fa aṣọ mi ya o!"

"Máa wa ọ̀kadà ẹ."

"Ẹ dẹwọ́ díẹ̀, ọrùn ń fún mi."

"Mi ò dẹwọ́. Rọra sáré."

Wọ́n kọjá mọ́ṣáláṣí, wọ́n kọjá ibi ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, wọ́n bọ́ sójú títì Èrúwà. Kò dẹwọ́ rárá.