Bàtà Àwọn Ọmọ Aba Jẹ́jẹ́

3.

…ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ sì ní kí n má bá kọ̀ǹpútà jiyàn. Èmi Àrínọlá, tíṣà àgbà ní ilé-ìwé Aba Jẹ́jẹ́, lọ́nà oko Emùré. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Kọ̀ǹpútà dé lánàá, ó fẹ́ máa kọ́ mi.

1.

ÌKÉDE
(wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi máńgòrò, oṣù kẹta, 2002)

Ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé ogún nínú kọ̀ǹpútà, a ó pa á pọ̀ mọ́ ti ìlú. A kò ní wo rẹ́jísítà. Àwọn tíṣà a máa fi orúkọ kún un.

2.

Nínú kọ̀ǹpútà: ọmọ mẹ́sàn-án.
Kíláàsì mi: ọmọ mọ́kànlélógójì.
Láti aba dé ilé-ìwé ìlú: máìlì márùn-ún, odò kan láàárín.

4.

Ilé dé ilé ni àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì gbà, wọ́n ń bi àwọn ìyá ní iye ọmọ. Janet, ìyá Mercy, tó bí márùn-ún, ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹlòmíì bí mẹ́fà, ó ní ọ̀kan. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ọmọ Yorùbá ni àwọn akọ̀wé yẹn o. Ohun tí wọ́n gbọ́ náà ni wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Inú bí mi.

Mo purọ́. Ẹ̀rù ló bà mí.

5.

ÈMI: Ìyá Mercy, ẹ ṣáà sọ iye wọn.
ÌYÁ MERCY: Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí ọ̀kan sọnù nínú ulé mi ni?
ÈMI: Ilé-ìwé ló fẹ́ sọnù.
ÌYÁ MERCY: (ó wo bàtà àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà) Bàtà wọn ńkọ́? Èèwọ̀ ò sí lára bàtà.

6.

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo ti kọ sí ọ́fíìsì. Kò sí èsì. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkẹ́rẹ́, Joshua onísọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bá mi tẹ ímeèlì:

«Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni a ní. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní iye ọmọ. Ẹ ka bàtà.»

Ọjọ́ kejì, èsì dé:

«A ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.»

Kọ̀ǹpútà tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí náà ló gbé èsì wá.

7.

Ọjọ́ Ẹtì. Sílípáàsì, kẹ́ńfáàsì, bàtà rọ́bà, gbogbo wọn tò lórí pápá. Ẹni tí kò ní bàtà gbé ti bàbá rẹ̀ wá. Àwọn ìyá ti kó àwọn ọmọ sá sẹ́yìn kíláàsì. Olúkáyọ̀dé, akọ̀wé kọ̀ǹpútà, ń kà, ó ń kọ.

8.

Méjìlélógójì.

9.

Ilé-ìwé wa dúró. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, ojú ò tì mí.

10.

Ó fi ọ̀kan lé. Bàtà ọmọ ọwọ́ ló wà ní ìparí, funfun, tuntun, ẹsẹ̀ kankan ò tíì wọ̀ ọ́ rí. Àṣàbí, obìnrin aba wa, ló dúró tì í. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Kò sẹ́ni tó bi í.

OLÚKÁYỌ̀DÉ: Mà, mọ́kànlélógójì lẹ kọ nínú ímeèlì. Ṣé kí n yọ ọ̀kan?
ÈMI: Fi sílẹ̀.

Ẹ ṣáà ti ní nínú ìkéde yín pé àwọn tíṣà a máa fi orúkọ kún un.

11.

ÍMEÈLÌ LÁTI Ọ́FÍÌSÌ

«Aba Jẹ́jẹ́: ọmọ méjìlélógójì. Ilé-ìwé yín yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́.»

12.

Mo ti kọ orúkọ mọ́kànlélógójì.

42. ______________