Àmì Ìbéèrè inú Ìwé Tíṣà Zacchaeus

Lọ́dún 1994, Tíṣà Zacchaeus wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ní kí n yọ orí kẹta kúrò nínú ìwé ìṣirò tí mò ń bá a tò lórí kọ̀ǹpútà. Òun àti Tíṣà Hàbíbátù ni wọ́n jọ kọ ìwé náà, Hàbíbátù ló sì kọ orí kẹta. Wọ́n ti jà lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà lókè lára èèpo ìwé, obìnrin náà ti bínú lọ sílé rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀.

“Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ náà,” ni Zacchaeus wí. “Mo lè dá ìwé kọ.”

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Àgbà méjì! Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀wé kì í ṣe adájọ́, mo bá yọ ọ́.

Ogún ọdún ni mo fi tẹ̀wé fún ìjọba kí n tó kọ́ LaTeX, ètò tí mo fi ń to ìwé báyìí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé a kì í fọwọ́ kọ nọ́ńbà sí i. Orúkọ la ń fún orí kọ̀ọ̀kan àti ìṣirò kọ̀ọ̀kan. Níbikíbi tí a bá ti dárúkọ náà, kọ̀ǹpútà á wá nọ́ńbà rẹ̀ fi síbẹ̀. Bí kò bá rí i, á tẹ àmì ìbéèrè méjì.

Mo tẹ ìwé náà jáde, Zacchaeus ṣí i. “Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní orí ??.” Ó ṣí ojú ewé mìíràn. “Láti inú ìṣirò ??, a mọ̀ pé.” Ibi mọ́kàndínlógójì ni ó ti tọ́ka sí orí kẹta, gbogbo rẹ̀ nínú àwọn orí tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

“Ẹ bá mi tún un ṣe jàre, Ìyá Adéolú.”

“Kí ni kí n fi síbẹ̀, Tíṣà?”

Ó mú bírò. Ó jókòó pẹ́, kò kọ nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò jẹ́ kó hàn. Nígbà tó yá, ó fi ìwé náà há abíyá, ó jáde.

Ọjọ́ Ẹtì ló padà wá. Ẹnì kan ti fi yíǹkì pupa kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àmì ìbéèrè náà. Mo fi wé ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan ò yẹ̀.

“Ibo ni Tíṣà Hàbíbátù ti wò ó kọ?”

“Wọn ò wo ibì kankan.”

“Kí ni wọ́n wá sọ fún yín?”

“Wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun.”

Mo dá orí kẹta padà. Mo ṣí èèpo ìwé, níbi tí orúkọ Zacchaeus nìkan wà, mo wojú rẹ̀.

“Ẹ gbé tèmi wá sísàlẹ̀,” ni ó wí.