Ògiri Tí Kò Dúró De Ẹ̀ẹ̀rùn

Ògiri náà yọ ikùn síta. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí i lára, ó pọ́n bí epo, ikùn rẹ̀ sì rí bíi ti aboyún tí oṣù rẹ̀ pé. Màmá Wúràọlá jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ má bú ògiri yìí o. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló mọ ọ́n, láyé ìgbà tí òmìnira ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ti dúró kí ọjọ́ náà tó pé, kí ọmọ kankan má tún wọ́ odò kọjá nítorí ìwé mọ́. Òjò ń rọ̀, wọ́n ń po amọ̀. Òjò ń dá, wọ́n ń mọ ògiri. Màmá fúnra rẹ̀, Wúràọlá ọmọge nígbà náà, wà láàárín wọn, ẹrẹ̀ dé orúnkún, orin lẹ́nu; Àkànmú, tí yóò di ọkọ rẹ̀, ń ju amọ̀ sókè, ó ń fojú wá a.

Bàbá Adéògún, àgbà ọ̀mọlé, ń mi orí. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn là ń mọlé, ìpele amọ̀ tútù kì í ru ìpele mìíràn.

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná."

Ta ní ń gbọ́? Wọ́n ní òmìnira kò ní dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Áà, èwe! Wọ́n rò pé bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá ti mọ́, ebi tán, ìrẹ́jẹ tán. Ìpele gun ìpele, ògiri yọ ikùn.

Ebi kò tán. Ìrẹ́jẹ náà kò tán. Àkànmú ti lọ, gbogbo wọn ti lọ, ó ku Màmá nìkan. Ṣùgbọ́n ọmọ kàwé níbẹ̀, ọmọ ọmọ kàwé níbẹ̀. Ògiri tí wọ́n ní kò ní rí ọdún dúró títí orí Màmá fi funfun.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn kúnlẹ̀ yí Màmá ká. Wọ́n fẹ́ wó ògiri náà, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kàn án bí Màmá kò bá fọhùn sí i. Búlọ́ọ̀kù náà rèé lẹ́yìn wọn. Àná ni wọ́n ṣe é, kò tíì gbẹ dénú.

Ó dun Màmá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn ògiri náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ Bàbá Adéògún dé ètè rẹ̀. Ó wo ojú wọn, ojú tó ń dán, tó ń kánjú, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ wó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa mọ tiyín lọ."

Òjò ń ṣú, wọ́n ń po sìmẹ́ńtì.